Ẹ̀fọn tí oògùn ò pa mọ́: ìdáhùn fún ìyá wa kan ní Òkè-Baálẹ̀

Ìyá kan tó ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀, nílùú Òṣogbo, ló béèrè pé: "Oògùn ẹ̀fọn tí a ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo ṣì ń rà, orúkọ kan náà, ṣọ́ọ̀bù kan náà. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá fín in lálẹ́, òkú ẹ̀fọn ni mo máa ń gbá láàárọ̀. Ní báyìí, ẹ̀fọn á bà sára ògiri, á dúró díẹ̀, á sì fò lọ. Wọ́n fún wa ní nẹ́ẹ̀tì, mo tún ń rí ẹ̀fọn tó ń bà lé òun náà. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní ẹfolúṣọ̀n ni, pé ẹ̀fọn ti yí padà. Èmi ní ayédèrú oògùn ni wọ́n ń tà fún wa, àti pé ọ̀rọ̀ ọ̀bọ tó di èèyàn ni wọ́n ń pè ní ẹfolúṣọ̀n, kí ló wá kan ẹ̀fọn níbẹ̀? Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì, kí sì ni kí n ṣe?"

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ọmọ yín ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ayédèrú oògùn wà lọ́jà lóòótọ́, n ó sì sọ bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n bí ẹ tiẹ̀ gba ògidì oògùn lọ́wọ́ ẹni tó pò ó gan-an, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀fọn tó wà nílẹ̀ wa lónìí ni kò ní kú. Ó yẹ kí ìdí rẹ̀ yé yín yékéyéké, nítorí ẹni tí kò bá yé á máa náwó sórí ohun tó ń sọ ọ̀tá rẹ̀ di alágbára.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé oògùn ti mọ́ ẹ̀fọn lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọn kan ṣoṣo kì í kọ́ bí a ṣe ń fara da oró. Ọ̀pọ̀ abo ẹ̀fọn kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta láyé, bí a sì ṣe bí i náà ló ṣe máa rí títí tó máa fi kú. Ìran ẹ̀fọn lápapọ̀ ló yí padà, láti ọ̀dọ̀ òbí sí ọmọ.

Ká ní ẹ̀fọn 1,000 ló wà ládùúgbò yín, tí 2 nínú wọn sì ní àbùdá kan tí kì í jẹ́ kí oró tètè ràn wọ́n. Oògùn kọ́ ló fún wọn. Àṣìṣe kékeré kan ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí ara àwọn òbí wọn ń da jíìnì, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá tí òbí ń fún ọmọ, kọ sínú ẹyin, irú àṣìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ lára gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, títí kan àwa èèyàn. Kí oògùn tó dé, àbùdá yìí kò ṣe wọ́n láǹfààní kankan, ó tiẹ̀ lè máa ni wọ́n lára. Lọ́jọ́ tí gbogbo ilé fín oògùn, 998 kú. Àwọn 2 tó kù ló ni gbogbo omi tó dá sílẹ̀ àti gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà ládùúgbò. Abo ẹ̀fọn kan lè yé ẹyin bí 100 lẹ́ẹ̀kan, á sì tún yé òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ló jogún àbùdá òbí wọn. Ẹ fín in lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fín in lẹ́ẹ̀kẹta: nígbà gbogbo, àwọn tí kò ní àbùdá yẹn lẹ ń pa kúrò lọ́nà fún àwọn tó ní in. Ẹfolúṣọ̀n kò ju ìyẹn lọ. Àwọn kan ń bímọ ju àwọn yòókù lọ nítorí ohun tí wọ́n jogún, títí tí ohun tí wọ́n jogún á fi di ti gbogbo ìran.

Kí ló dé tó fi yá tó bẹ́ẹ̀? Láti ẹyin di tanwíjí, láti tanwíjí di ẹ̀fọn tó ń fò, ọjọ́ 7 sí 14 ni nínú ooru ilẹ̀ wa. Bí a bá yọ ìgbà ẹ̀rùn tí omi ṣọ̀wọ́n sílẹ̀, ìran ẹ̀fọn bí 20 lè kọjá láàárín ọdún kan. Ìran èèyàn kan gba nǹkan bí ọdún 25, nítorí náà ìran 20 tiwa á gba 500 ọdún. Ohun tí ẹ̀fọn lè dà láàárín ìgbà tí ọmọ yín wọ yunifásítì sí ìgbà tó máa jáde, èèyàn á fi ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ṣe é.

Ní ti ọ̀bọ, kò sí onímọ̀ tó sọ pé ọ̀bọ inú igbó òde òní dìde tó sì di èèyàn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwa àti ìnàkí ní baba ńlá kan náà, tó ti kú ní nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà sí méje ọdún sẹ́yìn, olúkúlùkù sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò bá gba èyí, kò pọn dandan kó kọ́kọ́ yanjú rẹ̀ kó tó lè lóye ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn. Ti ẹ̀fọn ṣẹlẹ̀ lójú ayé wa.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí àwa náà. Ọ̀ràn genotype tí wọ́n máa ń béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí kí tọkọtaya tó ṣègbéyàwó, ibà ló dá a sílẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ AS kì í sábà kú ikú ibà líle bí ọmọ AA ṣe ń kú u, nítorí kòkòrò ibà kì í gbádùn inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn AS ń dàgbà, wọ́n ń bímọ, títí S fi pọ̀ ní gbogbo ibi tí ibà ti gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Gbèsè tí a ń san fún un ni pé bí AS méjì bá fẹ́ra, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà á jẹ́ SS, pẹ̀lú ìrora fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀fọn ni a ń fi oró ṣà lẹ́ṣà lónìí, ìyẹn ni pé à ń pa àwọn kan, à ń dá àwọn kan sí láti bímọ. Ní ayé àtijọ́, ibà ló ń ṣa àwa náà lẹ́ṣà, ẹ̀jẹ̀ wa ṣì ń jẹ́rìí sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí agolo oògùn yín. Oró tó wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ oògùn ẹ̀fọn tí a ń lò nílé jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, pyrethroid ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ṣe wọ́n ní àwòṣe oró tó wà nínú òdòdó funfun kan tí wọ́n ń gbìn lọ́pọ̀ ní Kẹ́ńyà. Bí ẹ bá ka ẹ̀yìn agolo, ẹ óò rí cypermethrin, permethrin, tetramethrin, deltamethrin, allethrin, prallethrin, transfluthrin. Orúkọ tó bá ti parí sí "thrin", ẹbí kan náà ni. Òun ló wà nínú agolo tí a ń fín, òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ kọ́ìlì tí a ń tanná ràn, òun ló wà lára gbogbo nẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ń pín. Òun náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń fín sí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti kòkó. Nígbà tí wọ́n bá fín in sí oko ẹ̀fọ́ létí odò, tó ṣàn sínú kòtò omi, àwọn tanwíjí inú kòtò náà ti pàdé oró yìí kí wọ́n tó hu ìyẹ́. Nítorí náà, ẹni tó fi orúkọ kan sílẹ̀ lọ ra orúkọ mìíràn ní Ìgbọ́nà tàbí Ọjà-Ọba lè rò pé òun ti pààrọ̀ oògùn, nígbà tó jẹ́ pé agolo nìkan ló pààrọ̀.

Bí oró náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà kan lára iṣan ìmọ̀lára ẹ̀fọn, kì í jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà náà pa dé. Iṣan á máa ta láìdáwọ́dúró, ẹ̀fọn á gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, á ṣubú, á kú. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn tó ń yè é fi ń yè é. Lára àwọn kan, ègé kan ṣoṣo ló yí padà lára ẹnu ọ̀nà yẹn, oró kò sì rí ibi lẹ̀ mọ́ dáadáa. Wọ́n ń pe èyí ní kdr, ó sì gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lára àwọn mìíràn, ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní P450 ló pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń fọ́ oró náà sí wẹ́wẹ́ kó tó dé iṣan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn ti ní méjèèjì pa pọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni àwọn onímọ̀ ti ń rí ẹ̀fọn ibà tó ń fara da permethrin ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ní 1939, Paul Müller ṣàwárí pé DDT ń pa kòkòrò, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1948. Kí ẹ̀bùn yẹn tó dé ọwọ́ rẹ̀, eṣinṣin ilé ní Yúróòpù ti ń fara da DDT. Ní àárín àwọn ọdún 1950, nílẹ̀ Sókótó ní orílẹ̀-èdè wa níbí, wọ́n fín dieldrin sí ilé, láìpẹ́ ẹ̀fọn ibà tí dieldrin kò lè pa gba ilẹ̀ náà kan. Gbogbo oró tí a ti lò lọ́pọ̀ lórí ẹ̀fọn ló ti bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pàdé.

Ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀tì yín ló dùn mọ́ mi jù láti sọ, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ ti rí ọ̀nà gbà. Irú nẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló ṣe pàtàkì. Ti àkọ́kọ́ ní pyrethroid nìkan. Ti kejì ní pyrethroid pẹ̀lú PBO, èròjà tó ń so P450 lọ́wọ́ kó má lè fọ́ oró. Ti kẹta ní pyrethroid pẹ̀lú chlorfenapyr, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i gidigidi ní oṣù kẹta 2023 fún àwọn ibi tí ẹ̀fọn ti ń fara da pyrethroid. Chlorfenapyr fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára. P450 tó wà nínú ara ẹ̀fọn ló máa bọ́ èèpo rẹ̀, tó máa sọ ọ́ di oró gidi, tí oró náà á sì gba agbára kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ títí tó máa fi kú. Ohun tí ẹ̀fọn fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ oró àkọ́kọ́ ni oró kejì ń lò láti pa á. Ẹni tó ronú kan èyí lóye ẹfolúṣọ̀n dáadáa.

Ṣùgbọ́n ikú chlorfenapyr kì í yá. Ó lè gba wákàtí 72. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹ̀fọn tó bà lé nẹ́ẹ̀tì tó sì fò lọ, ẹ má tètè sọ pé nẹ́ẹ̀tì kò ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó ti gbé ikú lọ. Bó bá sì kú lọ́jọ́ kẹta, ibà rẹ̀ ti bọ́, nítorí pé kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn mu lára ẹni tó ń ṣàìsàn gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ bí 10 sí 14 nínú ẹ̀fọn kó tó lè ran ẹlòmíràn. Ẹ̀fọn àgbà nìkan ló ń pín ibà kiri. Àwọn onímọ̀ kan ti dábàá pé oró tó dára jù ni èyí tó máa pa ẹ̀fọn lẹ́yìn tó ti yé ẹyin lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kó tó dàgbà débi tó máa ran èèyàn. Bó bá ti bímọ kó tó kú, kò sí àǹfààní púpọ̀ fún èyí tó ń fara da oró lórí èyí tí kì í fara dà á, ìran náà kò sì ní yára yí padà. Mo gbà pé ọ̀nà yìí ló yẹ ká máa lọ, bó tilẹ̀ ṣòro fún ẹni tó fẹ́ rí òkú ẹ̀fọn nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì tó wà ní etí nẹ́ẹ̀tì yín, orúkọ oró ibẹ̀ á sọ irú èyí tí ẹ ní. Irú yòówù kó jẹ́, ẹ ta á síbi òjìji fún wákàtí 24 kí ẹ tó sùn sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ́ọ̀kọ́, kó má bàa máa ta yín lára. Ẹ ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yípo. Wọ́n ṣe é kó lè fara da fífọ̀ 20 láàárín ọdún mẹ́ta, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ti tó. Ọṣẹ ìfọṣọ lásán àti omi tútù ni kí ẹ lò. Bílíìṣì ń ba oró jẹ́, oòrùn náà ń bà á jẹ́, òjìji ni kí ẹ sá a sí. Omi tí ẹ bá fi fọ̀ ọ́, inú ṣáláńgá ni kí ẹ dà á sí, tàbí kòtò tó jìnnà sí kànga. Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọ́dọ̀ dé odò. Pyrethroid tó kéré gan-an ń pa ẹja, odò Ọ̀ṣun tó gba ìlú wa kọjá sì ni odò tí a kì í pa ẹja rẹ̀ nínú Igbó Ọ̀ṣun. Ihò tó bá já lára nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú gán an lọ́jọ́ náà, nítorí nẹ́ẹ̀tì tí oró ti tán lára rẹ̀ ṣì ń dá ẹ̀fọn dúró bí kò bá ní ihò.

Ní ti ayédèrú, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, àti bóyá wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀ rí. Ẹ ra agolo kan níbi tí ẹ fọkàn tán. Ẹ ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ kó oúnjẹ àti omi mímu jáde, ẹ fín in tó ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, ẹ jáde fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, lẹ́yìn náà ẹ ṣí gbogbo fèrèsé kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Bí ẹ̀fọn bá ṣì ń rìn lára ògiri lẹ́yìn gbogbo èyí, ó ṣeé ṣe jù pé ẹ̀fọn ló ti yí padà. Fífín díẹ̀díẹ̀ nítorí ìṣọ́wóná burú ju àìfín lọ: ó ń pa àwọn aláìlágbára, ó ń dá àwọn tó lágbára díẹ̀ sí.

Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń dán ẹ̀fọn wò ní yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá oró ṣì ń pa á, ni pé wọ́n á tọ́ tanwíjí dàgbà títí abo ẹ̀fọn á fi pé ọjọ́ 3 sí 5 láìtíì mu ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á kó 20 sí 25 sínú ọpọ́n tí wọ́n fi bébà olóró bo inú rẹ̀, permethrin 0.75% tàbí deltamethrin 0.05%, fún wákàtí kan. Wọ́n á gbé wọn sínú ọpọ́n mímọ́, wọ́n á fún wọn ní omi ṣúgà, wọ́n á sì ka òkú lẹ́yìn wákàtí 24. Bí 98 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100 bá kú, oró ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá tó 90, ìran náà ti ń fara dà á. Ọpọ́n mìíràn gbọ́dọ̀ wà tí kò ní oró. Bí ẹ̀fọn tó ju ìdá 20 nínú 100 bá kú nínú ọpọ́n yẹn, àyẹ̀wò náà bàjẹ́, kí wọ́n tún un ṣe.

Àwọn kan á sọ fún yín pé òtapíàpíà tàbí dichlorvos ṣì ń pa ẹ̀fọn. Òótọ́ ni pé ó ń pa á ju pyrethroid lọ níbi púpọ̀, nítorí ẹbí ọ̀tọ̀ ni. Àbùdá tó ń fara da ẹbí yẹn náà ti wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí yẹn ni mo fi ní kí ẹ má mú un wọ yàrá. Ohun tó ń ṣe sí iṣan ẹ̀fọn ló ń ṣe sí iṣan ọmọdé. NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ láti 2019. Ẹni tó bá mí i símú tàbí gbé e mì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ẹyinjú rẹ̀ sún kì, tí mímí ń nira fún un, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni. Epo pupa kò ní ohun tó lè ṣe sí i.

Ẹ mọ irú ẹ̀fọn tí ẹ ń bá jà, nítorí omi tí wọ́n fẹ́ yàtọ̀. Ẹ̀fọn ibà, Anopheles, máa ń gbé ìdí sókè nígbà tó bá bà sára ògiri, òru ló sì ń jẹun jù. Tanwíjí rẹ̀ máa ń nà gbọọrọ lójú omi. Omi mímọ́ tí oòrùn ń yọ sí ló fẹ́: ipa táyà ọkọ̀ lórí títì tí kò ní ọ̀dà, kòtò tí àwọn abúlọ́ọ̀kù gbẹ́, ojú ẹsẹ̀ màlúù. Culex, tó ń kùn sí wa létí jù, máa ń dùbúlẹ̀ bá ògiri dọ́gba. Omi ìdọ̀tí ló fẹ́: gọ́tà tó di, ṣọkawéè tí ìdérí rẹ̀ là. Tanwíjí rẹ̀ máa ń dorí kodò. Aedes dúdú, ó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀, ọ̀sán ló ń jẹ wá. Dúrọ́ọ̀mù, agolo, àti táyà tó wà níwájú àwọn fọ́kánáísà ni ilé rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kó gọ́tà lójoojúmọ́ lè dín ariwo ẹ̀fọn kù lóru láìdín ibà kù, bí kòtò omi mímọ́ bá ṣì wà lẹ́yìnkùlé.

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀, gbogbo ọ̀sẹ̀, ẹ da omi inú dúrọ́ọ̀mù tí kò ní ìdérí nù, ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara rẹ̀ nínú, nítorí ẹyin Aedes máa ń lẹ̀ mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù, ó sì lè wà níbẹ̀ láìsí omi fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọjọ́ 7 ni mo sọ nítorí pé tanwíjí kò ní tíì hu ìyẹ́. Ẹ fi yẹ̀pẹ̀ dí kòtò. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ ṣọkawéè. Ẹ wo ààyè tó wà láàárín òrùlé àti ògiri, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ibà ń gbà wọlé jù nínú ilé tí kò ní síílìn. Fáànù tó ń fẹ́ tààrà sí bẹ́ẹ̀dì ń tú èémí wa ká, kì í jẹ́ kí ẹ̀fọn tètè mọ ibi tí a wà. Kò sí àbùdá tí ẹ̀fọn lè jogún tó máa jẹ́ kó kọjá láàárín nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tí kò ní ihò, tàbí kó yé ẹyin sínú kòtò tí kò sí mọ́. Oró ló ń gbó.

Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ṣe rí ni ti kòkòrò ibà inú ẹ̀jẹ̀ rí. Chloroquine gba ẹ̀mí àìmọye èèyàn là, a sì lò ó ní ìlòkulò, títí tó fi di pé ní 2005, Nàìjíríà ní láti fi í sílẹ̀ fún ACT, oògùn alápapọ̀. Màláwì ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1993. Nígbà tí wọ́n tún dán chloroquine wò níbẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún méjìlá, ó wo bí ìdá 99 nínú 100 àwọn ọmọ tí wọ́n fún. Àbùdá tó ń fara da oògùn ń ni kòkòrò lára. Nígbà tí kò sí oògùn mọ́, àwọn tí kò ru ẹrù yẹn ló bímọ jù. A rí i báyìí pé oró tó ti gbó lè padà ní agbára, bí gbogbo ìlú bá jọ fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Oògùn méjì ló wà nínú ACT kan. Ọ̀kan lágbára gan-an, ṣùgbọ́n á kúrò lára láàárín wákàtí díẹ̀. Èkejì á dúró fún ọjọ́ púpọ̀ láti pa àwọn tó kù. Kó tó di pé kòkòrò kan yè, ó gbọ́dọ̀ lè fara da méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbàlagbà tó ń lo artemether-lumefantrine 80/480 gbọ́dọ̀ lo 6: ọ̀kan, òmíràn lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méjì sí i. Oúnjẹ tó ní epo tàbí mílíìkì ni kó fi lò ó, nítorí lumefantrine kì í wọra dáadáa láìsí ọ̀rá. Ẹni tó dá a dúró lọ́jọ́ kejì nítorí ara rẹ̀ ti yá, àwọn kòkòrò tó le jù ló dá sí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fi kápúsù pupa-òun-yẹ́lò méjì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì wo ọ̀fìnkìn: ọ̀fìnkìn kì í gbọ́ oògùn yẹn, àwọn kòkòrò mìíràn inú yín ló ń ṣà lẹ́ṣà.

Ibi tí òṣèlú ti wọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé agbára oró jẹ́ ohun ìní gbogbo wa. Bí ẹnì kan bá lò ó ní ìlòkulò ní Ọ̀ta-Ẹfun, ọmọ ẹ̀fọn tó là á já kò ní béèrè ààlà kó tó fò dé Òkè-Baálẹ̀. Ìjọba kan ń lo ọdún mẹ́rin lórí oyè, ẹ̀fọn ti lọ ní ìran bí 80 kí ó tó parí. Ẹni tó bá fẹ́ ìyìn ní oṣù kan á rán ọkọ̀ tó ń tú èéfín oògùn sí títì. Mo lòdì sí i bí wọ́n bá fi ṣe gbogbo iṣẹ́. Èéfín yẹn ń pa àwọn tó ń fò níta lásìkò náà nìkan. Ẹyin àti tanwíjí kò mọ̀ pé ó kọjá, ẹ̀fọn ibà sì wà nínú ilé lẹ́yìn kọ́tìnì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn mìíràn ti dìde, a sì ti fi oró ṣà wọ́n lẹ́ṣà lẹ́ẹ̀kan sí i. Gọ́tà tó ń ṣàn, títì tí kò ní kòtò, àti nẹ́ẹ̀tì tó bá irú ẹ̀fọn ibẹ̀ mu ni kí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ yín. Nígbà tí wọ́n bá tún ń pín nẹ́ẹ̀tì, ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé léèrè: ṣé pyrethroid nìkan ló wà lára rẹ̀, àbí PBO tàbí chlorfenapyr wà níbẹ̀ pẹ̀lú? Ìgbà wo ni wọ́n dán ẹ̀fọn Ọ̀ṣun wò kẹ́yìn, kí ni àbájáde rẹ̀? Wọ́n gbọ́dọ̀ lè dáhùn.

Bí owó tó wà lọ́wọ́ yín kò bá lè ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ fi ti oṣù yìí ṣe nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé yàrá tí ẹ ń sùn, ẹ wọn ojú fèrèsé kí ẹ tó lọ sọ́jà, ihò àárín òwú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju mílímítà kan ààbọ̀ lọ. Oṣù tó ń bọ̀, ẹ dí abẹ́ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ òrùlé. Kò sí owó nínú dída omi nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀la, kí ẹ sì bẹ ilé méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ yín kí wọ́n jọ ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Agolo oògùn ni kí ẹ rà kẹ́yìn, bí àyè bá ṣì wà fún un, èyí tí ẹ bá sì rà, kí "piperonyl butoxide", ìyẹn PBO tí mo sọ nípa rẹ̀ lókè, wà nínú orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀.